Páìpù Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wa Kọjá: Ìtàn Gáàsì ní Ọ̀tà àti Ẹjọ́ Àwọn Ará Ìfẹ́sowápọ̀

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí a kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa agbègbè wa, a mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí ni ìtàn bí àwọn Àwórì ṣe tẹ Ọ̀tà dó, tàbí ìtàn ogun tí àwọn Ẹ̀gbá bá wa jà. Àwọn àgbà ti kọ ìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Èyí tí àwa fẹ́ kọ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ojú wa báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀, kò sì tíì parí.

Ìtàn gáàsì ni. Kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà tí a ń gbé lọ rọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìdírókò o. Èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wa kọjá lójoojúmọ́ tí a kì í rí, tí a kì í gbóòórùn rẹ̀, ni à ń wí.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìjòkó jáde láti Ṣàngó tí ẹ sì forí lé Ìtòkí, ẹ ó rí ilẹ̀ gbọọrọ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti kún ọ̀tún, ilé ti kún òsì. Àwọn òpó kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́lé. Àlejò lè rò pé ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà lé lórí ni, nítorí irú ìyẹn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Rárá o. Páìpù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Páìpù àkọ́kọ́ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Escravos ní etí òkun Niger Delta títí dé Èkó. Ọdún 1988 ni wọ́n dá Nigerian Gas Company sílẹ̀ lábẹ́ NNPC, ọdún 1989 ni páìpù náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, lápá Ìkòròdú, ni wọ́n torí rẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí wà nígbà náà. Ohun tí ọmọ kékeré lè mọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju katakata ńlá àti eruku lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé gáàsì ni, bẹ́ẹ̀ ni a ò sì mọ̀ pé àwọn òbí wa náà kò mọ̀.

Nígbà tí gáàsì ti dé Ìtòkí tán, ojú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà lára rẹ̀. Ẹ rántí bí Ọ̀tà ṣe rí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ṣàngó, ní ọ̀nà Ìdírókò àti ní Àgbárá, nítorí pé ilẹ̀ Ìkẹjà ti wọ́n jù, Ọ̀tà sì súnmọ́ Èkó. Ṣùgbọ́n iná NEPA kò dúró. Dísù ni wọ́n ń sun nínú jẹnẹrétọ̀, epo dúdú ni wọ́n sì ń sun nídìí ìkòkò gbígbóná tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, tí wọ́n fi ń yọ́ irin, tí wọ́n fi ń sun bisikíìtì. Àwa tí a ti jókòó nídìí tábìlì báńkì, tí a ti wo ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ rí, mọ̀ pé owó dísù nìkan lè jẹ èrè odidi ọdún kan run. Ẹni tó bá rí gáàsì fà wọ inú ọgbà rẹ̀ ti gba ara rẹ̀ là.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ààlà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nigerian Gas Company ló ni páìpù ńlá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ máa fa páìpù kéékèèké kiri gbogbo àdúgbò. Ó pín agbègbè fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n máa bá òun tà á. Ọdún 1998 ni wọ́n dá Shell Nigeria Gas sílẹ̀, apá Àgbárá àti Ọ̀tà ni ó sì ti ń ta tirẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́. Gaslink gba Ìkẹjà àti agbègbè ilé iṣẹ́ Èkó. Falcon Corporation gba Ìkòròdú. Wọ́n pín ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bí ìgbà tí ènìyàn ń pín àkàrà sára búrẹ́dì, onílé kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń pín in. A kò sọ pé wọ́n jí nǹkan o. Òfin ló fún wọn láṣẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò rí ibi tí wọ́n ti pe baálẹ̀ kan tàbí ìgbìmọ̀ abúlé kan jókòó kí wọ́n tó fa ìlà yẹn, kí wọ́n sì bi í pé, ta ni ẹ fẹ́ kó máa tà fún yín, ṣé ẹ tilẹ̀ fẹ́ kó dé ilé ìdáná yín?

Ṣé dandan ni kí wọ́n pín in báyìí? Ẹ jẹ́ kí a yà bàrá díẹ̀. Ní ìlú London, ọdún 1812 ni ọba fún ilé iṣẹ́ gáàsì àkọ́kọ́ níwèé àṣẹ. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi yọjú, ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta a sì máa gbẹ́ òpópónà kan náà, ti ọ̀kan kò tíì dí tí èkejì yóò tún fi dé. Àwọn ilé iṣẹ́ náà wá jókòó láàrin ara wọn, wọ́n pín ìlú ní àdúgbò àdúgbò. Àwọn ará ìlú pariwo pé ẹni tí kò ní orogún yóò fi owó gọbọi lé gáàsì. Ọdún 1860 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fi ọwọ́ sí ìpín náà, ṣùgbọ́n tó tún fi ìkáwọ́ sí iye tí wọ́n lè gbà àti bí gáàsì náà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Philadelphia gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1841 ni ìlú yẹn fúnra rẹ̀ ti ni ilé iṣẹ́ gáàsì tirẹ̀, òun ló sì ni ín títí di òní. Nítorí náà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Pípín agbègbè fún ẹnì kan ṣoṣo kò burú bí ẹni tó gba agbègbè náà bá ní ojúṣe sí gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Níbi tí ti wa ti yàtọ̀ nìyẹn. Àṣẹ àtità ni wọ́n pín fún wọn ní Ọ̀tà, ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ń tà á fún.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Gáàsì inú páìpù ńlá ń sáré pẹ̀lú agbára púpọ̀. Kí ó tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, a ní láti kọ́ ibùdó tí yóò dín agbára rẹ̀ kù, a ní láti fi òógùn tó ń rùn sí i kí onílé lè mọ̀ bó bá ń jò, nítorí pé gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fa páìpù kéékèèké sí òpópónà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mítà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ́ gíláàsì yóò lo gáàsì ju odidi àdúgbò lọ, owó rẹ̀ yóò sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù. Bí oníbárà kan bá gbé ìwé wá fún wa ní báńkì pé òun fẹ́ yáwó fa páìpù sí ilé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ní Ṣàngó, a ó bi í pé ọdún mélòó ni owó náà yóò fi padà wọlé. A mọ ìdáhùn kó tó dáhùn. Ìyẹn kò ní kí ìyá tó ń dáná lórí ẹ̀édú ní ẹ̀gbẹ́ páìpù náà má bi wá léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ẹjọ́ náà gan-an, nítorí òun ni ọkàn ìtàn yìí.

Láti ọdún 1982 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ń sọ pé ó yẹ kí gáàsì Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sùn, ó jí, ó tún sùn. Ọjọ́ 31 oṣù January ọdún 2003 ni Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Ghana fọwọ́ sí àdéhùn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti rì páìpù náà, tí yóò sì máa gbé gáàsì gba inú rẹ̀, ni West African Gas Pipeline Company, tí wọ́n ń pè ní WAPCo. (Ọ̀rọ̀ yìí da àwọn bàbá wa rú púpọ̀. Ní Ògùn tiwa, WAPCO ni sìmẹ́ǹtì, Ewékorò sì ni. Bí wọ́n bá ní WAPCo ń bọ̀ wá gba ilẹ̀, àwọn àgbà mìíràn a ní, ṣé wọ́n tún fẹ́ gbẹ́ òkúta ni?) Chevron, NNPC, Shell àti Volta River Authority ti Ghana ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Benin àti Tógò sì ní díẹ̀díẹ̀.

Ìtòkí tiwa yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni páìpù tuntun náà ti so mọ́ ti àtijọ́. Ó gba ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ àti Adó-Odò/Ọ̀tà kọjá, ó wọ Àgbádárìgì, ó sì bọ́ sínú òkun. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 678 kìlómítà, títí dé Takoradi ní Ghana, ó sì yà sí Kútọnu, Lomé àti Tema lójú ọ̀nà. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Nàìjíríà tó nǹkan bí 56 kìlómítà, páìpù onínṣì 30 ni. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún un jẹ́ 144 hẹ́kítà, abúlé àti ìlú kéékèèké 23 ni ó sì gbà kọjá. Fífẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n gé jẹ́ mítà 25, kò ju òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Ẹni tí kò ní oko lè sọ pé kí ni mítà 25. Ẹni tí páìpù gba àárín oko rẹ̀, tí ó pín in sí méjì, tí kò sì lè gbin igi ọ̀pẹ tàbí obì sórí rẹ̀ mọ́ títí láé, mọ ohun tó jẹ́.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gba ilẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, owó gbà-má-bínú tí wọ́n ń san dá lórí ohun tó wà lórí ilẹ̀: ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, ọsàn, ilé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní iye. Lọ́dọ̀ wa sì rèé, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ìdílé ni. Orúkọ olórí ìdílé lè wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ nínú oko náà lè tó ogún. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ tó bá ń ka ìwé yìí mọ irú ìjà tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ṣẹ́ẹ̀kì bá dé.

Níhìn-ín ni kí ẹ jẹ́ kí a fi ojú oníṣẹ́ báńkì wo ọ̀rọ̀ náà. Iye tí wọ́n fojú bù fún iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí 590 mílíọ̀nù dọ́là. Báńkì Àgbáyé kò yá WAPCo ní owó yìí. Onídùúró ló ṣe. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ IDA dúró fún Ghana pẹ̀lú 50 mílíọ̀nù dọ́là, kí ó lè dá àwọn oníṣòwò lójú pé Ghana yóò san owó gáàsì. Ẹ̀ka tó ń jẹ́ MIGA sì ṣe ìdúró 75 mílíọ̀nù dọ́là fún WAPCo. Oṣù November ọdún 2004 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ní báńkì mọ bó ṣe ń rí. Onídùúró kò mú kọ́bọ̀ kan lọ sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, bí nǹkan bá sì dàrú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Nítorí pé orúkọ Báńkì Àgbáyé wà nínú ìwé yìí, àwọn òfin tirẹ̀ nípa bí a ṣe ń ṣe ẹni tí a gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ de iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Àwọn ará abúlé kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ìdúró yìí, òun gan-an ló sì wá di ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé.

Báńkì Àgbáyé ní ìgbìmọ̀ olùwádìí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ abẹ́ àwọn ọ̀gá tó ń darí báńkì náà. Ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iṣẹ́ tí báńkì náà lọ́wọ́ sí bá pa lára lè kọ ìwé sí wọn. Kò di dandan kí wọ́n gba lọ́yà, kò di dandan kí wọ́n lọ sí Àbújá.

Ní oṣù April ọdún 2006, ìwé kan dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yìí ní Washington. Ẹgbẹ́ tó kọ ọ́ ni Ìfẹ́sowápọ̀ Host Communities Forum, láti agbègbè Ọlọ́rundá ní Àgbádárìgì, wọ́n sì kọ ọ́ lórúkọ àwọn ará abúlé 12. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ìfẹ́sowápọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ni. Ó jọ orúkọ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ẹgbẹ́ àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí. Àwọn ará abúlé pa ẹnu pọ̀, wọ́n sọ ara wọn ní orúkọ tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì kọjú sí Báńkì Àgbáyé.

Kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní owó gbà-má-bínú tí àwọn gbà kéré jù, kò sì lè dá oúnjẹ òòjọ́ tí àwọn sọnù padà. Wọ́n ní wọn kò bá àwọn sọ̀rọ̀ tó, ìwé àlàyé iṣẹ́ náà kò sì dé ọwọ́ àwọn ní ọ̀nà tó lè yé àwọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn nípa páìpù àtijọ́ láti Escravos tí tuntun yìí so mọ́, pé bí ìyẹn kò bá ní ààbò, báwo ni tuntun yóò ṣe ní? Wọ́n tún bèèrè nípa ìlérí pé iṣẹ́ náà yóò dín gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta kù.

Àwọn kan ní Èkó rò pé ìwé náà yóò sùn sínú fáìlì. Kò sùn. Àwọn olùwádìí wá sí Nàìjíríà, wọ́n dé àwọn abúlé, wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 25 oṣù April ọdún 2008 ni wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò yóò kà lẹ́ẹ̀mejì: owó tí àwọn tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ wọn rí gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí ètò náà fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Wọn kò sọ pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí àwọn ará abúlé béèrè. Ohun tí àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìgbìmọ̀ náà sọ pẹ̀lú pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ọ̀rọ̀ tó àwọn ènìyàn létí kò tó, àti pé Báńkì Àgbáyé kò bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn bó ti yẹ.

Oṣù August ọdún yẹn ni àwọn olùdarí Báńkì Àgbáyé jókòó lé àbọ̀ náà lórí, ètò sì wáyé pé kí wọ́n san àfikún owó. Lóòótọ́, àwọn ará apá Àgbádárìgì ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ rí kan gbogbo ẹni tí páìpù náà gba oko rẹ̀ kọjá, àwọn ará Ọ̀tà àti Ìfọ̀ pẹ̀lú. Èyí ni ìdí tí a fi rò pé ó yẹ kí orúkọ Ìfẹ́sowápọ̀ wà nínú ìwé àjọ̀dún àwọn ọmọ Ọ̀tà. Àwọn aládùúgbò wa ló bá wa kan ìlẹ̀kùn.

Ohun tí wọn kò rí gbà wà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ olùwádìí náà ni láti wo bóyá báńkì tẹ̀lé òfin ara rẹ̀. Kò lè pàṣẹ pé kí gáàsì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni WAPCo kì í ṣe alátùútà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni gbígbé gáàsì láti ibì kan dé ibòmíràn, bíi ọlọ́kọ̀ tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Oṣù December ọdún 2008 ni gáàsì àkọ́kọ́ dé Ghana láti inú páìpù náà. Ó kúrò ní Ìtòkí, ó gba abẹ́ oko wa, ó lọ tan iná ní Takoradi. A kò bínú sí àwọn ará Ghana o. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ẹbí ní Accra àti Kumasi. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fẹ́ràn àlejò kí ó sì tún béèrè pé oúnjẹ ilé ńkọ́.

Ẹni tó bá lọ bá WAPCo, wọn yóò ní àwọn kì í tà. Ẹni tó bá lọ bá ilé iṣẹ́ tó ní agbègbè Ọ̀tà, wọn yóò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá ni oníbárà àwọn. Bí ìgbìmọ̀ abúlé kan bá wá ní, ó dára, a ó pe ẹlòmíràn kó wá tà fún wa, ìwé àṣẹ ẹni tó ni agbègbè dúró sẹ́nu ọ̀nà. Báyìí ni abúlé ṣe lè wà láàrin agbègbè olútà gáàsì kí gáàsì má sì dé ibẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì lè mú un dé ibẹ̀. Àwọn tí gáàsì páìpù kò dé ọ̀dọ̀ wọn lára àwọn ilé iṣẹ́ gan-an ti ń ra èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú táǹkì tí ọkọ̀ tírélà ń gbé kiri. Ẹ ti rí wọn ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n wà lára ohun tó ń ba ọ̀nà náà jẹ́.

Òfin epo rọ̀bì tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù August ọdún 2021 ti tún ọ̀rọ̀ náà tò. Àjọ NMDPRA ló ń fún àwọn olùpín gáàsì níwèé àṣẹ báyìí, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí wọ́n fún. Òfin yìí kan náà ló dá owó àwọn agbègbè olùgbàlejò sílẹ̀: ilé iṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn yóò máa yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, kí wọ́n fi tún àwọn agbègbè náà ṣe. Nígbà tí a bá gbọ́ èyí, Niger Delta ni ọkàn wa máa ń lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mọ sórí àwọn tó ń wa epo nìkan, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti gbé gáàsì àti láti ṣe é pẹ̀lú. Agbègbè olùgbàlejò ni ìlú tí iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ tàbí tó bá a pààlà, àti ìlú mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá yàn mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí apá ìparí yẹn. Ilé iṣẹ́ ní ẹnu nínú ẹni tó jẹ́ olùgbàlejò rẹ̀. Ìlú tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ tó fi ibi tí páìpù gbà hàn, tí kò mọ ọdún tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ àti iye tí wọ́n san, kí ni yóò gbé jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yàn?

A ti béèrè lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀ díẹ̀ àti àwọn olórí ìdílé kí a tó kọ èyí. Ọ̀pọ̀ rántí owó tí wọ́n gbà, wọn kò rántí ọdún tí wọ́n gbà á. Àwọn mìíràn ní ìwé náà wà nínú àpótí bàbá àwọn, ikán ti jẹ ẹ́. Èyí ló mú kí ẹ̀ka ìpolongo dábàá fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a fi ọdún tó ń bọ̀ gba ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, ìdílé dé ìdílé, láti Ìtòkí títí dé Ìgbẹsà, kí a sì kó wọn pamọ́ sí ibi tí ikán kò lè dé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ní fáìlì kan nílẹ̀. Ìwé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ títí di ìgbà tí a fi ń tẹ ìwé yìí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ rìsíìtì ọdún 2005 tí wọ́n ti ká sí mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún wa, àwọn ìyá alásè yóò gbé ìkòkò wọn sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Sílíńdà mẹ́fà ni wọ́n ní kí a pèsè, pẹ̀lú igi ìdáná fún ìrẹsì, nítorí wọ́n ní kò sí ìrẹsì àríyá tí a fi gáàsì sè tó ń dùn. Akápò ti ṣe ìṣirò owó sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ti pariwo.